Bí Ẹ̀dá Ìtàn Tuntun Ṣe Ń Wọ Inú Kọ́míìkì Tí Wọ́n Yà Lórí Ìtàn Ẹlòmíràn

Ayé ìtàn tí olólùfẹ́ kan fẹ́ yà kọ́míìkì lé lórí ti ní òfin tirẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀: agbára wo ló wà, ta ló lè ní in, kí ni agbára náà sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó. Àyè tó ṣófo láàárín àwọn òfin yìí ni ẹ̀dá tuntun ń gbà wọlé. Bí akọni ìtàn náà bá ń sá fún omi, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ti rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ńṣe ló wá bá akọni ṣẹ́gun gbogbo ọ̀tá rẹ̀, òǹkàwé ò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ ló yẹ kó ṣáájú aṣọ. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lórí ọ̀sà láti kékeré, èjìká rẹ̀ á fẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á yi, ṣòkòtò rẹ̀ ò sì ní kọjá orúnkún. Bí ìyá rẹ̀ bá ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, á ti mọ bí wọ́n ṣe ń nájà. Ìyẹn á hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Orúkọ ni nǹkan pọ̀ sí jù. Orúkọ àmútọ̀runwá ti sọ ìtàn kí a tó ya ohunkóhun. Ìgè, ẹsẹ̀ ló fi wáyé. Òjó, ìwọ́ ló kọ́ ọ lọ́rùn. Bí a bá pe ọmọ náà ní Kẹ́hìndé, òǹkàwé á béèrè Táíwò. Bí ìtàn ò bá ní dá wọn lóhùn, ká yáa wá orúkọ mìíràn. Bó bá sì jẹ́ Dàda, irun tó ta kókó láti inú oyún wá ti di ara àwòrán nìyẹn, bóyá pẹ̀lú owó ẹyọ nínú rẹ̀. A ò lè déédéé gé e lójú ìwé karùn-ún láìsọ ẹni tó gé e àti ètò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gé e.

Lẹ́yìn náà, a ó fi dúdú kun gbogbo àwòrán náà kó dà bí òjìji. Bí irun Dàda àti àjẹ̀ èjìká rẹ̀ bá ṣì jẹ́ ká dá a mọ̀, ó ti dára. Àwọ̀ mẹ́ta tó. Ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá lọ́rùn rẹ̀ máa ń di mọ́kànlá kí kọ́míìkì tó dé ìdajì, nítorí gbogbo àpótí àwòrán ni a ó ti tún un yà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yà á síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti sẹ́yìn lórí ìwé kan, kí akọni dúró tì í ká lè rí bí wọ́n ṣe ga sí. A ó sì ya ojú rẹ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bínú, tó ń purọ́. Ojú irọ́ yìí ló ṣòro jù, ó sì yẹ ká fi àkókò sí i.

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ lórí àwòrán máa ń wà títí oníṣẹ́ á fi kú, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn náà. Ohun tí ayàwòrán dá fúnra rẹ̀ lára Dàda jẹ́ tirẹ̀. Ayé ìtàn tó yá kì í ṣe tirẹ̀, kò sì lè tà á láìgbàyè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń ya ojú ìwé kan tí akọni ò sí: Dàda nìkan, ní ìdájí, ó ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.