Bí wọ́n ṣe ń ta Whot, àti ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà

William Henry Storey, ará Ìlú Ọba, ló gbé eré káàdì Whot jáde ní 1935. Bó ṣe di eré ilé ní Nàìjíríà báyìí, ọmọ ọdún mẹ́fà lè jókòó ti ìyá àgbà kó sì jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òfin rẹ̀ kúrú. Káàdì tí èèyàn bá fẹ́ jù gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, yálà ní nọ́ńbà tàbí ní àwòrán. Bí onígun mẹ́ta 7 bá wà nílẹ̀, onígun mẹ́ta yòówù tàbí 7 yòówù ni a lè jù lé e. Ẹni tí kò bá ní, á lọ ọjà: á mú ẹyọ kan nínú èyí tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló jẹ.

Àwọn kan wà tó ń ṣe ju ìbámu lọ. 1 ni “hold on”, ẹni tó jù ú á tún jù. 2 ni “pick two”, ẹni tó kàn á mú méjì; 5 ni “pick three”, ẹni tó kàn á mú mẹ́ta; 8 á fo ẹni tó kàn, 14 ni “general market”: gbogbo ìyókù á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 20 ni Whot fúnra rẹ̀. Ó ń bọ́ sórí ohunkóhun, ẹni tó jù ú ló sì máa dárúkọ àwòrán tó fẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni pé káàdì 54 náà kò pín dọ́gba. Róbótó àti onígun mẹ́ta ní 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbélébùú àti onígun mẹ́rin ní 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ ní 7 péré, Whot jẹ́ 5. Kò sí 6, kò sí 9. Ìràwọ̀ kò ní 14, nítorí náà nígbà tí ìràwọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi “general market” halẹ̀. 12 kò sì sí àfi ní róbótó àti onígun mẹ́ta. Ẹni tó ń wá ọ̀nà dé onígun mẹ́rin, kó má fọkàn sí i. Ẹni tó ní ìràwọ̀ méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ló yẹ kó fi Whot pè é, torí àwọn tó kù lè má ní ẹyọ kan. Àmọ́ bí wọ́n bá ń ṣírò nọ́ńbà orí káàdì tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́, ìràwọ̀ máa ń di ìlọ́po méjì: 8 rẹ̀ á di 16.

Òfin ilé yàtọ̀ síra, pàápàá lórí bóyá a lè fi 2 gba ara ẹni lọ́wọ́ 2. Kí wọ́n fẹnu kò kí wọ́n tó pín káàdì, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “last card”: ẹni tó bá gbàgbé láti kígbe rẹ̀ nígbà tó ku ẹyọ kan, ọjà ló ń lọ nílé púpọ̀.

Fún ọmọ kékeré, ó dáa kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé iṣẹ́ àwọn 1, 2, 5, 8 àti 14, kó fi ìbámu nìkan ta á. Whot ni kó kọ́ kẹ́yìn.