Táyà Ooru Nínú Òtútù Chicago: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Fún Ara Wa

Gbogbo November ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan á wa mọ́tò olówó gọbọi wọ ṣọ́ọ̀bù wa, á bọ́ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gbá táyà, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, táyà yìí ṣì nípọn dáadáa, kí lẹ tún ní kí n pààrọ̀ fún?” Ó nípọn lóòótọ́. Ta ló bá ọ jiyàn pé kò nípọn? Táyà ooru ni, èyí tí wọ́n kọ summer sí nínú ìwé rẹ̀, Chicago la sì wà.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ara táyà. Èyí tó yẹ mọ́tò yín wà lára férémù ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹni tó bá sì lè ra Corvette, mọ́tò eré ti Chevrolet, lè kà á. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ni tèmi, torí òun gan-an ni kò yé àwọn èèyàn wa, òun ló sì ń ná wọn lówó jù.

Ẹ wò ó, àwọn ilà tí ẹ ń rí lójú táyà yẹn, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n lé omi àti ẹrẹ̀ jáde. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń di ọ̀nà mú. Títì ọ̀dà tí ẹ rò pé ó tẹ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fọwọ́ pa á: òkúta wẹ́wẹ́ ló yọrí lójú rẹ̀. Rọ́bà tó bá rọ̀ á tẹ̀ wọ àárín àwọn òkúta yẹn, á gbá wọn mú. Èyí tó bá ti gan, orí wọn ló máa ń gbà kọjá. Àwọn tó ń ṣe táyà ooru ti po rọ́bà rẹ̀ kó lè fara da ooru: kí ẹ sáré, kí ẹ tẹ bíréèkì léraléra, kí ẹ yí kọ́nà pẹ̀lú agbára, kó má sì rọ̀ jù. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Michelin Pilot Sport 4S tó ń bá Corvette tó ní Z51 (àkójọ ohun èlò eré rẹ̀) jáde láti iléeṣẹ́, ní July, mi ò mọ ohun tí mo lè bù kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn kan náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan bí ojú ọjọ́ bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 45°F, ìyẹn 7°C. Ẹ rántí ẹ̀bà àná tí ẹ gbé sínú fíríìjì. Gàrí kan náà ni, omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Lójú ẹni tó ti pẹ́ níbí, 45°F kì í ṣe òtútù rárá. Jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ ló máa fi jáde. October ló sì ti ń dé. Sínóò kò tíì bọ́, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn ń ràn, táyà ti ń gan lábẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ibi tí ó ti ń tan àwọn èèyàn nìyẹn: wọ́n ń dúró de sínóò. Ní January, ní ìpíndọ́gba, ọ̀sán gangan kì í ju nǹkan bí 32°F lọ, òru kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tó wà níbí ní 30 January 2019 kò lè gbàgbé: 23°F nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n wọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú O’Hare láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí òtútù bá wá kọjá 20°F wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kí táyà má di ọ̀nà mú. Rọ́bà náà lè sán. Ìwé tó ń bá mọ́tò Chevrolet wá sọ ọ́ kedere fún ẹni tó bá ṣí i. Ó ní inú ilé ni kí ẹ ti tọ́jú táyà ooru alágbára bí ẹ kò bá lò ó, àti pé bí irú òtútù bẹ́ẹ̀ bá ti mú un, kí ẹ fi í sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí 24 ó kéré tán kí ẹ tó wà á. Ó tún ní kí ẹ má fi ooru kankan fẹ́ ẹ tààrà. Ta ló ń ka ìwé mọ́tò? Fídíò iṣẹ́jú kan ni gbogbo wa ń wò.

“Ṣùgbọ́n mọ́tò mi ní AWD.” Mo ti mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. AWD, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa wa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ń bá yín gbéra kúrò ní iná pupa. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró ńkọ́? Gbogbo mọ́tò ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí ẹ ra olówó ńlá àti kọ̀rọ́là àlòkù tí ọmọ yín ń gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lórí bíréèkì, AWD kò ní nǹkan kan tó fẹ́ ṣe fún yín. Mo ti rí kọ̀rọ́là tó wọ táyà òtútù tó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí Dan Ryan, títì márosẹ̀ Chicago, tó ń kọjá lára àwọn mọ́tò olówó ńlá tí wọ́n kọjú sí ibi tí wọ́n ti wá.

All-season, táyà tí wọ́n ní ó wà fún gbogbo ìgbà, wá ńkọ́? Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á fi M+S (ẹrẹ̀ àti sínóò) tó wà lára rẹ̀ hàn mí bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí ni. Bí ilà ojú táyà ṣe rí ló fún un ní M+S. Kò sí ẹni tó gbé e sórí sínóò wò kó tó gba lẹ́tà yẹn. Àmì tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú wá ni ti òkè onígóńgó mẹ́ta tí wọ́n ya èérún sínóò sí inú rẹ̀. Èyí tó bá ní in ti yege ìdánwò lórí sínóò. Láti 1999 ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní Jámánì, láti October 2024, táyà tí kò bá ní in kò jẹ́ táyà òtútù mọ́ lójú òfin, ì báà ní M+S ìlọ́po mẹ́wàá. Ní Quebec, ní Kánádà, láti 1 December sí 15 March, dandan ni táyà òtútù fún onímọ́tò. Illinois kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é bó ṣe wù wá.

Síbẹ̀, mi ò kórìíra all-season. Bí ẹ bá lè sọ lọ́jọ́ tí sínóò bá bọ́ pé ilé ni ẹ óò ti ṣiṣẹ́, ẹ ra all-season tí wọ́n ṣe fún mọ́tò alágbára, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Continental ní ọ̀kan tó wù mí, DWS06 Plus. Wọ́n gbẹ́ lẹ́tà D (ilẹ̀ gbígbẹ), W (omi) àti S (sínóò) sí ojú táyà náà gan-an. Bó ṣe ń jẹ, lẹ́tà S á parẹ́. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ sínóò ti tán láàárín ẹ̀yin àti òun. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, tí ẹ ò lè pe ọ̀gá pé ẹ ò wá, táyà òtútù ni tiyín, ẹ jẹ́ kí á má tan ara wa. Rọ́bà rẹ̀ kì í gan kíákíá, wọ́n sì fi abẹ́ la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí etí àwọn ojú abẹ́ náà lè máa họ sínóò àti yìnyín. Ẹ rà á lórí ríìmù tirẹ̀, kí a má baà máa já a kúrò lórí ríìmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ríìmù yín bá jẹ́ 20 ínǹṣì, ẹ béèrè bóyá 18 á gba bíréèkì inú rẹ̀ láyè. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga á gba kòtò Chicago mọ́ra ju èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ lọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà. Ẹni tó fi méjì síwájú, ẹ̀yìn mọ́tò á fẹ́ ṣáájú rẹ̀ ní kọ́nà. Ẹni tó fi méjì sẹ́yìn, á yí síárìn, mọ́tò á máa lọ tààrà.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé orí àwọn dókítà táyà inú WhatsApp. Wọ́n ní kí ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí táyà lè tẹ́ lórí sínóò. Òtútù ti ń bá yín tú u! Fún 10°F kọ̀ọ̀kan tí ojú ọjọ́ bá fi wálẹ̀, nǹkan bí 1 psi (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) ló ń lọ. Ẹni tó gẹ̀jì 35 ní September nígbà tó jẹ́ 75°F, bó bá jí sí 5°F, nǹkan bí 28 ló kù. Ohun tí iná rúsúrúsú tó ní àmì ìyanu láàárín ń sọ fún yín nìyẹn, òun sì ni ẹnì kan fi téèpù dúdú bò mọ́lẹ̀ níṣojú mi, tó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Màmá kan tún wà tó fi òróró àdúrà pa táyà ọmọ rẹ̀ yí po. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, n kì í tan mọ́tò láìgbà á. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, iwájú orí ọmọ ni kí ẹ fi òróró sí. Ibi tí rọ́bà ti ń kan ilẹ̀, ẹ má fi òróró kankan síbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti omi gbígbóná. Àbúrò kan, nọ́ọ̀sì, ra Corvette láti Florida lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé ní January pẹ̀lú táyà ooru tó bá a jáde, mọ́tò sì sun ojú títì mọ́jú. Ó ti gbọ́ pé òtútù ń ba táyà jẹ́, ìyẹn dára. Ẹnì kan nínú WhatsApp ìjọ wọn ní kó da omi gbígbóná sí i kó lè yá. Ó gbé kẹ́tùlù jáde, ó ń dà á, ó ń padà wọlé lọ bu òmíràn. Omi ṣàn sábẹ́ mọ́tò, kò pẹ́ tó fi di yìnyín. Ó wọlé sínú mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ kan an pẹ́rẹ́ (ẹ rántí pé ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń wà nínú Corvette yẹn), ẹ̀yìn mọ́tò sì yọ̀ lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá mọ́tò aládùúgbò. Kò tíì kúrò níwájú ilé rẹ̀.

Ọkọ̀ agbémọ́tò ló gbé e wá bá wa. Mo gbé e sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ilà ojú táyà. Ní ìsàlẹ̀ ilà, ibi tí ojú kì í sábà dé, sísán wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, kò gùn ju èékánná lọ, òmíràn tẹ̀ lé òmíràn yí táyà ká. Mo ní kó fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó fọwọ́ kàn án, ó dákẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè bá mi lẹ̀ ẹ́?” Ọ̀dọ̀ fọganáísà ní Mushin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, mo fi òòlù àti irin já táyà títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi yi, mo sì tún kọ́ tàwọn aláwọ̀ funfun kún un. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi kí n lẹ táyà tí ojú rẹ̀ sán. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ààtàn. Owó tó san lórí wọn àti lórí mọ́tò aládùúgbò yẹn á ra táyà òtútù pẹ̀lú ríìmù, á sì tún ṣẹ́ kù.

Ohun kan wà tí táyà kò lè ṣe o. Ní February 2011, sínóò tó lé ní 20 ínǹṣì bọ́ sílùú yìí, ọ̀pọ̀ mọ́tò sì há sórí Lake Shore Drive mọ́jú. Mọ́tò yín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn wọ́lẹ̀, lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, inú gáráàjì ni kó wà.

Ní April, ẹ bọ́ táyà òtútù kúrò. Nínú ooru, rọ́bà rẹ̀ á rọ̀ jù, á máa jẹ kíákíá, mọ́tò á sì pẹ́ kó tó dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà, tó ń bí mi nínú ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Ẹ̀yin kan ń kó táyà òtútù tó ti jẹ ránṣẹ́ sí Èkó. “Àbúrò mi nílé á rí i lò.” Òfin Nàìjíríà kò gba àlòkù táyà mọ́tò kéékèèké wọlé, ẹ sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kì í bọ inú bùútù mọ́tò tàbí kí ẹ kó kékeré sínú ńlá títí etí rẹ̀ fi ká. Ẹ lo rọ́bà tí wọ́n pò fún yìnyín títí tó fi jẹ, ẹ wá fi fún ẹni tó máa gbé èrò àti ẹrù lé e lórí, tó máa sá eré àsápajúdé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé táyà “ṣàdédé” bẹ́.

Illinois ń gba $2.50 lọ́wọ́ yín lórí táyà tuntun kọ̀ọ̀kan fún ètò àlòkù táyà, ẹni tó bá sì tà tuntun fún yín gbọ́dọ̀ gba àlòkù tó bá iye rẹ̀ dọ́gba bí ẹ bá kó o wá. Ẹ kó o wá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni àyè rẹ̀ wà, lápá ọ̀tún, a máa ń ṣí ní aago mẹ́jọ.