Èèyàn 80 ò lè di 320 lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ní Ìkòròdú níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé gan-an? Ẹ ti pín fọ́ọ̀mù tán, ẹ ti gbà á padà, ẹ ti ná owó ọkọ̀ láti Agric dé Sábó, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi mí pé "Ọ̀gá, ṣé èèyàn 80 tó fún PLS?" Kẹ́ ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ jáde ló yẹ kẹ́ ẹ ti bi mí. PLS ni ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan kan ṣe ń nípa lórí òmíì. Model ni àwòrán ẹ̀, ọfà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ ń sọ pé èyí ń nípa lórí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń fa ọfà nínú model, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹni tó bá ti gbé model wá bá mi yẹ kó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní èèyàn díẹ̀ ni PLS ń fẹ́, àfi bíi pé oògùn ni. Irọ́ ni jàre. Kọ̀ǹpútà ò ní kọ̀ ọ́ lóòótọ́, á tú nọ́mbà jáde fún yín, àmọ́ ṣé nọ́mbà náà ṣeé gbára lé? Goodhue, Lewis àti Thompson yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2012, wọn ò rí agbára àrà ọ̀tọ̀ kankan tí PLS ní tí èèyàn bá kéré.

Ẹlòmíì á rọ̀ mọ́ òfin ìlọ́po mẹ́wàá: ibi tí ọfà tó ń wọlé bá ti pọ̀ jù nínú model, ẹ fi 10 lù ú. Ọfà 5, èèyàn 50, ó parí. Ó rọrùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀. Fọ́múlà Taro Yamane tí wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n mú ńkọ́? Ọjà tó bá ní oníṣòwò 2,000, tẹ́ ẹ bá fi àṣìṣe sí 0.05, á ní kẹ́ ẹ mú 333, ì báà jẹ́ ọfà 2 lẹ fà tàbí 20. Ṣé ìdá mélòó nínú ará ọjà ló ń ṣe báyìí ni iṣẹ́ tiẹ̀, kò mọ̀ pé model wà láyé!

Ọfà tó kéré jù tẹ́ ẹ fẹ́ rí ni kẹ́ ẹ mójú tó. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ á tètè mọ̀ ọ́n, àwọ̀n tójú ẹ̀ fẹ̀ ò lè mú ẹja wẹ́wẹ́. Fọ́múlà tí Kock àti Hadaya gbé jáde ní 2018 lèmi ń lò: ẹ fi path coefficient (nọ́mbà tó ń sọ bí ọfà ṣe lágbára tó) tó kéré jù tẹ́ ẹ ń retí pín 2.486, èyí tó bá jáde kẹ́ ẹ fi lu ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè sí odidi nọ́mbà. Ti significance 5% nìyẹn, ìyẹn ni pé ẹ gbà pé nígbà 5 nínú 100 ẹ lè rí ọfà tí ò sí, àti power 80%, ìyẹn ni pé nígbà 80 nínú 100 ẹ máa rí ọfà tó wà lóòótọ́. Tó bá jẹ́ 0.3, èèyàn 69 tó. 0.2, ó di 155. 0.1 ńkọ́? 619 o! Ẹ wá yí i padà wò, èèyàn 50 yẹn, ọfà tí ò bá tó 0.35, ó rọrùn kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ mọ ẹnì kan tó gé dátà ẹ̀ kù sí 100 torí SmartPLS (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe PLS) ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò fẹ́ sanwó, ó wá ń yà á lẹ́nu pé ọfà 0.18 ò significant, ìyẹn ni pé kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì.

Ẹ ti máa mọ iye tẹ́ ẹ ó retí? Ẹ ka iṣẹ́ táwọn tó ṣáájú yín ti ṣe. Kẹ́ ẹ sì pín fọ́ọ̀mù kọjá iye tó jáde, torí ẹlòmíì á kàn fàmì sí "strongly agree" látòkè délẹ̀ kó lè ráyè lọ tajà ẹ̀. Bootstrapping 5,000, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa tún dátà yín mú léraléra nígbà 5,000, náà ò sì sọ pé ẹ ti ní èèyàn 5,000 o, àwọn 80 kan náà ló ń tún mú.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní data analyst ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. Arábìnrin kan tó ń ṣe masters lórí àwọn oníPOS rí èèyàn 80, súpáfáísọ̀ ẹ̀ ní ó kéré, ló bá gbé e lọ bá ọ̀kan nínú wọn. Onítọ̀hún kọ́pì gbogbo dátà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 320, ó gbowó. T-value, nọ́mbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọfà significant, tó jẹ́ 1.1 di 2.2. Àánú Olúwa kọ́ o! Tẹ́ ẹ bá sọ dátà di ìlọ́po mẹ́rin báyẹn, standard error, ìyẹn ìwọ̀n bí nọ́mbà náà ò ṣe dájú tó, á já sí ìdajì, t á di ìlọ́po méjì, kò sì sí èèyàn tuntun kankan tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó lọ gbèjà iṣẹ́ ẹ̀, external, ìyẹn olùdánwò tó ti ilé ẹ̀kọ́ míì wá, ní kó ṣí Excel, kó to àwọn ìlà yẹn tẹ̀ léra. Gbogbo oníPOS wá di mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ orí kan náà, ìdáhùn kan náà, títí dórí ẹni tó ṣèèṣì kọ "igbgobo" síbi àdúgbò. Mẹ́rin ni "igbgobo" náà. Wọ́n ní kó máa lọlé.

Ìgbà yẹn ló tó wá sọ́dọ̀ mi. A wo àwọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀, a mú 0.2, mo ní kó wá èèyàn 180 kí 155 tó dáa lè kù níbẹ̀. Oṣù méjì ló fi rìn ín. Ọfà tí wọ́n fi 320 gbé lárugẹ yẹn ò significant, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ẹ̀, external kan náà ló sì buwọ́ lù ú.