Èémí Tó Ń Dúró Lójú Oorun àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tí Kò Gbóògùn

Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Ìkòròdú, gbogbo ayálégbé ló mọ ẹni tó ń hanrun. Wọ́n á ní oorun àsùnwọra ló ń sùn. Ariwo ìhanrun yẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn fetí sí, ìdákẹ́jẹ́ tó ń já a ni. Ìyàwó tó dùbúlẹ̀ tì í á gbọ́ ọ: ó hanrun, ó hanrun, gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Àyà ń gbéra sókè, ikùn ń lọ ń bọ̀, síbẹ̀ atẹ́gùn kò wọlé. Tó bá ń ka ení, èjì lọ, ó lè ka ogún tàbí ọgbọ̀n kí ọkọ tó fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tó rì sínú ọ̀sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Á yíra padà, oorun á sì tún gbé e lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ìkankan. Ohun tí yóò kàn mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun, àti pé kí ọkọ̀ tó dé Mile 12, òun ti sùn lọ.

Bí èèyàn bá sùn, ẹran ara tó yí ọ̀nà ọ̀fun ká máa ń dẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti fún ọ̀nà náà látẹ̀yìnwá, tàbí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn, ahọ́n á wó lé e, ọ̀nà á pa dé. Ìdádúró tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 ni àwọn dókítà ń kà. Bó bá tó 5 láàárín wákàtí kan, àìsàn ti wà nìyẹn. Bó bá di 30, ó ti le gan-an, torí pé ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ọ̀nà ń dí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ara á ta gìrì bí ẹni tí olè ká mọ́lé: iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á fò sókè. Ó yẹ kí ìfúnpá fi ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ lóru, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè sinmi. Ti ẹni yìí kì í sinmi, ìtagìrì òru náà sì ń bá a dé ojúmọmọ. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń lo oògùn mẹ́ta tí òǹkà kò gbọ́. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á ní oògùn ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó ń sùn tì í.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn yìí, tí wọ́n ń pè ní CPAP, èyí tí Colin Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1981, kì í fúnni ní ọ́síjìn bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Atẹ́gùn inú yàrá lásán ló ń fẹ́ gba inú rọ́bà lọ sínú ìbòmú. Ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà Sábó mọ iṣẹ́ náà: bí láílọ́ọ̀nù bá lẹ̀ pọ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè là. Atẹ́gùn yẹn ló ń di ọ̀nà ọ̀fun mú kó má pa dé.

Èrè rẹ̀ lórí ìfúnpá kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ẹyọ 2 sí 3 ló ń dín kù nínú òǹkà ìfúnpá. Ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbóògùn, tó sì ń lo ẹ̀rọ náà pẹ́ lóru. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2016, tí èèyàn tó lé ní 2,700 kópa nínú rẹ̀, kò rí i pé ó dín rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn kù, àmọ́ wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò ó lóru ní ìpíndọ́gba. Wákàtí mẹ́rin ni àwọn dókítà ń kà sí ó kéré tán. Nítorí náà, oògùn ìfúnpá kò gbọdọ̀ dúró torí pé ẹ̀rọ dé. Fífẹ̀gbẹ́lélẹ̀ sùn, dídín ọtí alẹ́ kù àti dídín ìsanra kù náà ń ran ọ̀fun lọ́wọ́. Dókítà eyín sì lè ṣe ohun ìkìsẹ́nu tó ń fa àgbọ̀n síwájú fún ẹni tí tirẹ̀ kò bá le jù.

Ní Ìkòròdú, iná ni wàhálà. Bátìrì lè gbé ẹ̀rọ náà di ìdájí, pàápàá tí wọ́n bá pa apá tó ń mú omi gbóná kí atẹ́gùn má baà gbẹ, torí òun ló ń jẹ iná jù. Bí iná bá lọ lójijì, ìbòmú ní ihò tí èémí ń gbà jáde, àmọ́ kéèyàn tètè bọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ gbé e kó gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé: ohun tó wà nínú yàrá ni ẹ̀rọ ń fẹ́ síni nímú. Asẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń dá eruku dúró, kò lè dá gáàsì olóró inú èéfín dúró.