"Down Under" kì í ṣe oríkì Ọsirélíà

Níbi tí àwọn ará Ọsirélíà bá ti ń pagbo ijó lẹ́yìn ìdíje eré ìdárayá, kì í pẹ́ tí "Down Under" (orúkọ ìnagijẹ Ọsirélíà) ti ẹgbẹ́ olórin Men at Work yóò fi máa dún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé orin ìyìn orílẹ̀-èdè ni, àfi bíi pé ìjọba ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Rárá o. Ẹ̀hónú wà nínú ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi bò ó.

Inú Business as Usual ló wà, àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1981, tó wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 15. Colin Hay tó ń lé orin náà gan-an, Scotland ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Ọsirélíà lọ́dún 1967. Òun àti Ron Strykert ni wọ́n jọ kọ ọ́. Hay ti ṣàlàyé pé ohun tó ń ká òun lára ni bí àwọn olójúkòkòrò ṣe ń ta ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń kọ́lé kún gbogbo ibi tó rẹwà. Ẹ fetí sí ègbè rẹ̀ dáadáa: wọ́n ń kó ìkógun, ààrá fẹ́ sán, wọ́n sì ní ká tètè wá ibi sá sí. Ta ló ń fi irú èyí ki ìlú rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Vegemite tí wọ́n dárúkọ nínú orin náà ni àwọn èèyàn gbọ́, ohun dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Australia II sì já America's Cup, ife ìdíje ọkọ̀ ojú omi, gbà ní September 1983, lẹ́yìn tó ti wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà fún ọdún 132, orin yìí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé sókè lójú omi. Ó parí.

Ti fèrè inú rẹ̀ ló tún wá pani lẹ́rìn-ín jù. Greg Ham tó fọn ọ́n fẹ́ kí orin náà ní adùn Ọsirélíà díẹ̀ ni. Ohùn "Kookaburra" ló sì fà yọ, orin ọmọdé tí Marion Sinclair, tíṣà kan ní Melbourne, kọ, tó sì fi wọ ìdíje àwọn Girl Guides, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, lọ́dún 1934. Lọ́dún 2010, kóòtù dájọ́ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ olóhun lójú, ó sì ní kí wọ́n san ìdá 5 nínú 100 owó tó ń wọlé lórí orin náà, bẹ̀rẹ̀ láti 2002. Sinclair ti kú láti 1988. Iléeṣẹ́ Larrikin Music tó ra ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ ló gbowó.