Ṣé Kí Ẹ Yọ Ẹ́ńjìnì Jíìpù Àtijọ́ Yín?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá gbé jíìpù arúgbó wá, tó ní kí n yọ ẹ́ńjìnì inú rẹ̀, kí n fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọkọ̀ tó ń gun òkè wọ̀ọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fà tìkọ̀tìkọ̀, èéfín ń rú lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì ń dín kù, ẹni tó ni ín sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò fẹ́ tà á. Èmi náà fẹ́ràn wọn, torí ṣáàsí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) tó nípọn àti ásùlù (irin ìdábùú tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀) tó ki pọ́pọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ṣòro láti rí lára ọ̀pọ̀ jíìpù òde òní. Ṣùgbọ́n àwọn tó nílò ẹ́ńjìnì mìíràn ní tòótọ́ kò pọ̀ tó àwọn tó rò pé àwọn nílò rẹ̀. Kí ẹ tó béèrè ẹ́ńjìnì tí ẹ máa rà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà níbẹ̀.

Orí táyà ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní táyà tó bá ọkọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ ga tó ínǹṣì 29, tí ẹ wá wọ ti ínǹṣì 33 sí i kí abẹ́ ọkọ̀ lè jìnnà sílẹ̀. 33 fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ju 29 lọ. Gbogbo gíà yín ti gùn sí i ní ìwọ̀n yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wá fi bọ́ńpà irin síwájú, ẹ fi àgbékà ẹrù sórí, ẹ kó omi àti epo àfikún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ẹ ní ẹ́ńjìnì ti rẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́, ẹrù ló pọ̀ fún un. Bí dífíréńṣà yín, ìyẹn gíà tó wà lára ásùlù, bá jẹ́ 4.1 (ṣáàfù ń yí ìgbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí ẹ bá yí eyín inú rẹ̀ sí nǹkan bí 4.7, ọkọ̀ yóò padà sí bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Tiwájú àti tẹ̀yìn ni kí ẹ yí pọ̀ o. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, nǹkan máa kán lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ líle.

Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnì: fílítà epo tó ti dí, rọ́bà afẹ́fẹ́ tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì) tó ti ya níbi tí ojú kò tó, bírékì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, sàlẹ́ńsà tó ti dí nínú, rédíétọ̀ tí ẹrẹ̀ ti dí ojú rẹ̀. Ẹ yẹ gbogbo wọn wò kí ẹ tó dá ẹ́ńjìnì lẹ́jọ́.

Bí ẹ bá ti yẹ wọ́n wò tí ara ọkọ̀ kò tíì yá, ó wá kan àyẹ̀wò ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ẹ má gba “ẹ́ńjìnì yìí ti kú” lẹ́nu mẹkáníìkì tí kò fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kó wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nínú ihò tó ń gbà lọ gbà bọ̀, tí a ń pè ní sílíńdà. Kí ẹ́ńjìnì ti gbóná díẹ̀, kí bátìrì lágbára, kí ó yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì, kí ó sì tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tó sàn sábà máa ń wà láàárín 120 sí 180 psi (ìwọ̀n ìfúnpá tó wà lójú géèjì). Ti dísẹ́ẹ̀lì máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, láti 300 lọ sókè. Ìwé tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ẹ́ńjìnì yín ló ní iye gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílíńdà kan àti èkejì ni mo máa ń wò jù. Bí márùn-ún bá wà ní 150 tí ẹ̀kẹfà wà ní 90, ẹ́ńjìnì kò tíì gbó, sílíńdà kan ló ń ṣàìsàn. Bí gbogbo wọn bá jọ lọ sílẹ̀, ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn.

Ní ti bẹntiróòlù, ẹ lè da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú sílíńdà tó lọ sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí iye rẹ̀ bá gòkè, ríìngì (òrùka ara písítìnì) ló ti jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀) ni kí ẹ fura sí, pàápàá tó bá jẹ́ sílíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló lọ sílẹ̀ pọ̀. Ẹ má dán ìyẹn wò lára dísẹ́ẹ̀lì, torí àyè tó wà lókè písítìnì rẹ̀ kéré gan-an. Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ: kí wọ́n fi kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà nígbà tí fáàfù méjèèjì pa dé, kí ẹ wá tẹ́tí. Bó bá ń sín jáde láti sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín ló ń jò. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni, fáàfù àgbàwọlé ni. Bó bá gba ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí jáde, ríìngì ni. Bí omi rédíétọ̀ bá sì ń hó kùṣùkùṣù, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí irin ti là.

Ẹ tún wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ó jẹ́ géèjì gidi tí wọ́n dè mọ́ bulọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin ara ẹ́ńjìnì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná iwájú dáṣíbọ́ọ̀dù. Òfin àtijọ́ tí àwa mẹkáníìkì ń lò ni psi 10 fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ la fílítà ọ́ìlì tí ẹ yọ, kí ẹ tẹ́ pépà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn. Bí ó bá ń dán yanranyanran, irin ń jẹ irin níbì kan.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ má tíì náwó. Ẹ bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré. Ẹ máa gbá ṣáàsí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ibi tí súpúríìngì ti so mọ́ ọn àti ibi tí ara ọkọ̀ jókòó lé. Irin tó dára máa ń dún kọ̀ọ́. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ máa ń dún gbùn-ún, òòlù a sì máa rì wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ẹ́ńjìnì tó dán bí ojú àwo nínú ṣáàsí tí wọn kò lè fi jáàkì gbé sókè mọ́. Tí ṣáàsí bá ti jẹ, ibẹ̀ ni owó kọ́kọ́ ń lọ, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Bí ṣáàsí bá dára tí ẹ́ńjìnì sì ti gbó lóòótọ́, tí wọ́n bá bi mí, ẹ tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe. Ẹ gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ irin, kí wọ́n wọn ihò sílíńdà, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ bó bá yẹ, kí ẹ fi písítìnì, ríìngì, béárìn àti pọ́ǹpù ọ́ìlì tuntun sí i. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, ṣùgbọ́n nígbà tó bá parí, kò sí bóòtù kan tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbé sọnù rárá àyàfi bí bulọ́ọ̀kù wọn bá là. Lára wọn ni 1HZ ti Toyota, dísẹ́ẹ̀lì lítà 4.2 onísílíńdà mẹ́fà tí kò ní tọ́bò. TD42 ti Nissan Patrol náà wà níbẹ̀, àti bẹntiróòlù lítà 4.0 onísílíńdà mẹ́fà tí Jeep ń lò láti 1987 títí di 2006. Wọn kì í sáré, wọn kì í tètè kú. 1HD-T, dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò tí Toyota ṣe, lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n béárìn kọ́ńròòdù (apá irin tó ń gbé písítìnì) àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń tètè jẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ béárìn wọ̀nyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ti gba ẹ́ńjìnì ńlá là lówó ìparun.

Òdìkejì wọn ni V8 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ) oníalumíníọ̀mù tó wà nínú Range Rover láti 1970. Ọ̀dọ̀ Buick ní Amẹ́ríkà ni Rover ti rà á. Lítà 3.5 ni nígbà náà, ihò sílíńdà rẹ̀ sì jẹ́ 88.9 mm. Nígbà tó yá wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí 94 mm, a rí 3.9, 4.0 àti 4.6, ṣùgbọ́n ògiri tó di láínà (páìpù irin tó wà nínú ihò sílíńdà) mú wá tínrín. Bí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, ògiri yẹn lè là lẹ́yìn láínà, kí omi máa wọlé síbi tí iná ti ń jó. Ẹ lè pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ní san. Àfi kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi láínà elétí sí gbogbo ihò mẹ́jọ, tàbí kí ẹ yọ ọ́. Irú ibi báyìí ni mo ti máa ń gbà pé kí a wá ẹ́ńjìnì mìíràn.

Bó bá di pé kí ẹ rà, èyí tó jọ tàtijọ́ délẹ̀délẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àlòkù ni yóò sábà jẹ́. Ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ sọ sọ́ǹpù rẹ̀ (àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́) kalẹ̀ kí ẹ wo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Kó tó wọ inú ọkọ̀, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ tí ọwọ́ tó gbogbo ibi, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíìnì, pọ́ǹpù omi, síìlì iwájú àti tẹ̀yìn, àti àwo kúlọ́ọ̀ṣì.

Ẹ́ńjìnì tó yàtọ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kì í sábà tó ìdajì ohun tí ẹ máa ná. Ẹ wo sọ́ǹpù. Ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́ ní ásùlù iwájú tó jẹ́ irin gbọọrọ kan, tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí sọ́ǹpù ẹ́ńjìnì tuntun bá jìn níwájú, dífíréńṣà yóò gbá a lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ kòtò. Ẹ ó wá gbé ẹ́ńjìnì sókè, bónẹ́ẹ̀tì kò ní pa dé mọ́. Tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ ó wá gé ṣáàfù méjèèjì, ẹ ó sì yí ìdúró gíábọ́ọ̀sì padà. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń bí òmíràn.

Àwọn tó ń yọ bẹntiróòlù láti fi dísẹ́ẹ̀lì sí i máa ń gbàgbé bírékì. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú tọ́rọ́tù, ìfàmọ́ra ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sítà bírékì ń lò kí ẹsẹ̀ yín lè fúyẹ́ lórí pẹ́dàlì. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú ìfàmọ́ra bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù tirẹ̀ fún un. Ó tún nílò páìpù tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sínú táàǹkì, fílítà tó ń yọ omi kúrò nínú epo, àti wáyà pílọ́ọ̀gì tó ń mú un gbóná kó tó jí. Dísẹ́ẹ̀lì kì í yí kíákíá bíi bẹntiróòlù, nítorí náà eyín dífíréńṣà tó dára fún èyí àtijọ́ yóò mú kí èyí tuntun máa ké ganhúnganhún lójú títì. Ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Cummins 4BT lítà 3.9, tí àwọn kan fẹ́ràn fún irú iṣẹ́ yìí, wúwo ju kílò 300 lọ, ó sì máa ń gbọ̀n. Súpúríìngì iwájú tí kò ṣe tán láti gbé e yóò tẹ̀.

V8 ti General Motors tí gbogbo ayé ń pè ní LS, tó kọ́kọ́ jáde ní 1997, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn nísinsìnyí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Inú bulọ́ọ̀kù ni ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù wà, nítorí náà ẹ́ńjìnì náà kò gbòòrò, ó sì máa ń wọ ibi tó há. Ṣùgbọ́n agbára tó bá ti ẹ́ńjìnì jáde gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá. Gíábọ́ọ̀sì àti ásùlù tí wọ́n ṣe fún ìdajì agbára yẹn ni yóò kọ́kọ́ kán, kì í sì í kán nílé.

Wáyà ló ń pa àwọn mìíràn lára jù. Ẹ́ńjìnì òde òní kò lè jí láìsí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ń retí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, pẹ́dàlì tirẹ̀, àti sẹ́ńsọ̀ tó wà lára gíábọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ra odindi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì náà wà nínú rẹ̀, kódà bí ara ọkọ̀ náà bá ti run, kí ẹ wà á kí ẹ tó tú u. Gbogbo wáyà, kọ̀ǹpútà, bráákẹ́ẹ̀tì àti páìpù yóò wà níbẹ̀, ẹ ó sì ti fi etí ara yín gbọ́ pé ẹ́ńjìnì náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnì lásán lórí pálẹ́ẹ̀tì yóò máa wá nǹkan kéékèèké kiri fún oṣù púpọ̀.

Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin èéfín sì lè kọ ẹ́ńjìnì tó dàgbà ju ọkọ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ máa kọ nọ́ńbà gbogbo ohun tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kan: bẹ́líìtì, rọ́bà omi, fílítà, béárìn kúlọ́ọ̀ṣì, sẹ́ńsọ̀. Kí ìwé náà máa wà nínú ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá bá yín níbi tó jìnnà sílé kò lè mọ̀ pé pọ́ǹpù omi ọkọ̀ mìíràn ló wà lára Land Rover yín.

Ìrìn àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jìnnà. Ẹ wà á yí àdúgbò ká, ẹ dúró, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń jò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún omi rẹ̀ dá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ di ẹrù kún un, ẹ gun òkè tó ga jù nítòsí, kí ojú yín má kúrò lára géèjì ìgbóná. Tó bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 800, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, ẹ la fílítà rẹ̀, kí ẹ tẹ́ pépà inú rẹ̀ sínú oòrùn kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó da tuntun sí i.