Iṣẹ́ Àkànṣe Ọdún Mẹ́fà: Bí Ifẹ̀ Ṣe Dán Èdè Yorùbá Wò Nínú Kíláàsì

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ọgbọ̀n oṣù ni wọ́n fi jà á. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ìjọba nígbà náà ò ju ìṣọ̀kan lọ, ẹni tó bá sì ń pariwo èdè ẹ̀yà rẹ̀, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó. Nínú oṣù kan náà ni àwọn ọmọ kéékèèké kan wọ kíláàsì kìíní ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, tí ètò kan sì bẹ̀rẹ̀ lórí wọn.

Yorùbá ni wọ́n máa fi kọ́ wọn. Kì í ṣe ìwé Yorùbá nìkan o. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, gbogbo rẹ̀ pátá, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tó dá dúró ni, olùkọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ fún un ló sì ń wá kọ́ wọn. Iṣẹ́ Àkànṣe Ọdún Mẹ́fà ni wọ́n ń pe ètò náà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìfẹ́ èdè lásán ló gbé àwọn ará Ifẹ̀ dé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n fẹ́ wá ìdáhùn sí: kí ló ń ṣe ọmọ tó já fáfá nílé, tó mọ owó ṣẹ́ lọ́jà, tó mọ àlọ́ pa, tó fi máa ń ya odi tó bá ti dé iwájú pátákó?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Freetown padà wálé wà lára àwọn tó mú ìwé wọ ilẹ̀ wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn, ti tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Nígbà tó di 1859, ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń jáde ní Abẹ́òkúta. Èdè náà ti wà lórí pépà, àwọn èèyàn sì ń kà á. Àfi bí ìjọba amúnisìn ṣe ṣòfin ẹ̀kọ́ tó kan Èkó ní 1882: ilé-ìwé tó bá fẹ́ owó ìrànwọ́, kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni kó kọ́ ọmọ. Kíka Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wá fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Èkó pariwo nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ibi tí owó gbà lọ ni olùkọ́ gbà lọ. Lójú tèmi, ọdún yẹn ni ìtìjú wọ inú èdè wa. Kì í ṣe pé ẹnì kan fòfin de Yorùbá. Wọ́n kàn jẹ́ kó di ohun tí kò lérè ni.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, ohun tó ti mọ́ wọn lára ni pé kí wọ́n fi Yorùbá mú ọmọ wọlé fún bí ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá jù ú sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Ẹni tó bá mọ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe rí yóò mọ̀ pé àsìkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ ọn náà ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n gbà á lẹ́nu tèmi náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n fi mí sí, ẹni tó bá sọ fanákúlà, páálí kan ni wọ́n máa gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Okùn àpò ìrẹsì ni wọ́n fi so ó, ó máa ń ha ọrùn. Ẹni tí páálí bá wà lọ́rùn rẹ̀ á máa dẹ etí sí ẹnu àwọn yòókù, kó lè rí ẹni tó máa gbé e fún kí aago ìparí tó dún. Lọ́jọ́ kan, mo ṣubú níbi tí a ti ń fò, orúnkún mi bó, mo kígbe pé, "Yéè, ìyá mi o!" Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá tí páálí fi dé ọrùn mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ kọ́ńkéré, mo ń wá bí wọ́n ṣe ń ké ìrora ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò rí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí wa rárá, mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ọmọ Èkó ni, 1923 ni wọ́n bí i. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Kò sí oore tí Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe fún èèyàn tí kò ṣe fún un, òun náà ló sì wá ní kí á fi Yorùbá kọ́ ọmọ. Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ni ibùdó iṣẹ́ náà. Ford Foundation láti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé wá láti Ìbàdàn fún ti Yorùbá. Adébísí Afọláyan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà láàrin wọn pẹ̀lú, èyí ló sì yẹ kí àwọn tó ń pè wọ́n ní ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì máa rántí.

Wọn ò bá ìwé nílẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ọ́, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Yorùbá ò tíì máa pè nínú kíláàsì, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn fúnra wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ọdún méje kan, ẹ bi í léèrè pé aṣọ tútù tí a sá sórí okùn, níbo ni omi ara rẹ̀ lọ? Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi bi í, á ní oòrùn ló fà á mu. Ó dára. Aṣọ tí a sá sínú yàrá ńkọ́, tí òun náà gbẹ? Á dákẹ́. Ẹni tó jókòó tì í á ní atẹ́gùn ni. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ìyá òun sá aṣọ lọ́jọ́ òjò, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sì gbẹ. Kí olùkọ́ tó mọ̀, àríyànjiyàn ti gba kíláàsì, sáyẹ́ǹsì sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ yìí kan náà. Ẹnu yín ló máa wò, kó lè mọ ìdáhùn tí ẹ ń fẹ́.

Tàbí ẹ wo òǹkà. Ọmọ tó ń pe mẹ́rìndínlógún ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kí ó tó pa ẹnu dé. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni. Mo mọ̀ pé ó le: 85 nìkan ni márùndínláàádọ́rùn-ún, ó gùn lẹ́nu. Síbẹ̀, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ ti wà lẹ́nu ọmọ yẹn kó tó wọ ilé-ìwé.

Ìlú tí wọ́n ti ṣe é gan-an ló máa ń mú mi ronú jù. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ sá wá sí Ifẹ̀. Wọ́n bá onílé gbé, wọ́n bá wọn roko, títí Ọọ̀ni Abẹ́wéilá fi yọ̀ǹda ilẹ̀ tiwọn fún wọn lẹ́bàá ìlú. Igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹyẹ àkọ̀ kún orí rẹ̀, ìtàn sì sọ pé igbe ẹyẹ náà ni orúkọ Modákẹ́kẹ́ ti wá. Ta ló nilẹ̀, ta ni àlejò? Ọ̀rọ̀ yẹn ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ léraléra, ti 1997 sí 2000 kò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹni tó gbé Ifẹ̀ nígbà náà. Mi ò ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí. Ohun tí mo rí ni pé Yorùbá inú ìwé súnmọ́ ti Ọ̀yọ́, èdè àwọn tó sá wá, ju ti Ifẹ̀ tó gbà wọ́n sílé lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ilé ní ulé, òun náà ní láti kọ ilé. Nítorí náà, èdè abínibí tí ọmọ bá pàdé nínú ìwé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè fi gbọ́, ó lè fi jiyàn.

Àwọn alátakò ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá fi èdè rẹ̀ kọ́ ọmọ, Nàìjíríà á tú ká. Wọ́n ní ní Ifẹ̀ níbí, ọmọ Haúsá tó wà ní àdúgbò Sábó ńkọ́, ọmọ Ígbò tó wà ní Lágere ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, wọ́n ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lẹ́yìn náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, "èdè àdúgbò." Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò ló ni ín. Wọ́n tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ígbò àti Yorùbá mọ́ tirẹ̀, nítorí ìṣọ̀kan. Ní 1977 kan náà, ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà ṣòfin pé Faransé ni kí ọmọ àwọn tó ṣí wá fi kàwé. Tiwọn di òfin tí ilé-ẹjọ́ lè mú èèyàn sí. Tiwa wà nínú ìwé, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìwé kankan. Ìdajì iṣẹ́ Ifẹ̀ náà sì ni ìjọba mú: ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbà, ọdún mẹ́fà ni Ifẹ̀ ṣe.

Kí wá ni àbájáde? Láti 1973 ni wọ́n ti mú iṣẹ́ náà kúrò ní St. Stephen's nìkan, wọ́n gbé e dé àwọn ilé-ìwé mìíràn. Àwọn tó ṣe ìgbéléwọ̀n rẹ̀, tí Dìbú Òjẹ́rìndé tó padà darí JAMB wà lára wọn, rí i pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò sì gbẹ́yìn. Àwọn kan ní ìwé tuntun àti olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ṣe é, kì í ṣe Yorùbá. Mo gbà pé wọ́n ṣe tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa Yorùbá lára: ọdún mẹ́fà gbáko ni àwọn ọmọ yẹn fi kàwé lédè wọn, ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù pé á ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́ kò bà á jẹ́.

Ní oṣù Bélú 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ti Ifẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní oṣù Bélú 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ wọn. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Èmi bèèrè pé: ìwé wo ni wọ́n kọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀? Olùkọ́ wo ni wọ́n kọ́? Ní Ifẹ̀, ìwé àti olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ìsọ̀ kan wà ní Lágere tí mo ti ń ra wáyà. Ọmọ Ígbò ni tọkọtaya tó ni ín, ọmọbìnrin wọn kékeré sì máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ lórí káńtà. Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, Ígbò ló fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé tó ṣí síwájú. Ó dé ibi ìyọkúrò kan, ó dúró, ó ń ka ìka rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́tàlá, ó ku márùn-ún." Ó kọ 5 sílẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Wáyà wo lẹ fẹ́?"